Fídíò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Maami Láti Orí Yìnyín

Òórùn bàtà rọ́bà tuntun àti ti búrẹ́dì oníṣúgà tí wọ́n ń yan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá tó wà ní Buford, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ojú ọjọ́ ò tutù rárá lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọdé ń fi ṣòkòtò péńpé rìn káàkiri, àwa sì dúró síbẹ̀ tí à ń wọ kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù wò. Ọkọ mi wọ ọ̀kan, òógùn bò ó, ó wá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ jẹ níyà. Mo fi fóònù pe Maami ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n lè rí i. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ogun lẹ̀ ń lọ jà ni?" Mo ní rárá, yìnyín là ń lọ wò ní Alaska. Wọ́n ní, "Ẹ fi ooru sílẹ̀, ẹ wá ń wá òtútù kiri. Ó dáa náà."

Èrò ọkọ mi ni ìrìn àjò náà. Àádọ́ta ọdún rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù yẹn, ó sì ní òun ò fẹ́ àpèjẹ kankan. Àwọn ọmọ ti lọ sí yunifásítì, ilé wa ní Grayson ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àwa méjèèjì kàn máa ń pàdé ara wa lẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì ni: bí mo bá ti ń ti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù bọ̀, òun á máa lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan máa ń kó àlejò jáde lórí ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín, tí amọ̀nà á ṣáájú, tí ẹ̀yin á máa tẹ̀ lé e lọ sínú igbó tí kò sí iná, láti lọ wo ìmọ́lẹ̀ tó máa ń jó lójú ọ̀run níhà àríwá. Èmi ò fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Òtútù inú ọsibítù wa nìkan ti tó mi. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Maami ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Tíṣà ni Maami kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún pé lókè téńté ayé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé máa ń yọ lójú ọ̀run lóru, á sì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Inú ìwé ni Maami fúnra wọn ti kà á. Wọ́n ní ọmọ kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin ti rí i?" Ojú tì wọ́n débi pé wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì jáde lọ ṣeré. Nínú ilé ìtajà yẹn ni wọ́n ti sọ ìtàn yìí fún mi, lórí fóònù, bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tí o bá ti rí i, pè mí. Kọjú fóònù sí i. Ìgbàkigbà tó bá jẹ́, n óò gbé e. Mo fẹ́ rí i kí n tó kú." Mo ní kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ ikú. Wọ́n ní, "Àgbà tí kò bá sọ ọ́, ṣé kò ní kú ni?" A tún rẹ́rìn-ín. Bí ìgbafẹ́ ọkọ mi ṣe di iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi nìyẹn, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ó ti pẹ́ tí Maami ti bẹ̀ mí ní nǹkan kan tí kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní College Park, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú, ló gbé wa lọ wọ bàálù. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí Maami. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ nínú ẹbí wa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí òtútù já etí mi bọ́ sílẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ ní Seattle láti wọ bàálù mìíràn, ibẹ̀ sì ni ọkọ mi ti ní òun fẹ́ lọ ra tíì. Ó pẹ́ kó tó dé, kò sì mú tíì kankan dání. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Ṣé China lo ti lọ já ewé ẹ̀ ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èrò pọ̀ lórí ìlà. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú títí wọ́n fi pè wá, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ó dára bí a ṣe kúrò nílé, ìfẹ́ àtijọ́ ti ń padà bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Maami ti kú. Wọ́n jókòó níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń gba atẹ́gùn, wọ́n ní àyà ń dun àwọn, wọn ò sì dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló pe ọkọ mi ní Seattle níbi tó ti ń tò fún tíì. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ fún mi. Wọ́n ní kí a máa lọ, kí n rí ohun tí mo fẹ́ lọ rí, kí n padà sí Atlanta, kí n wọlé, kí n jẹun, nígbà náà ni àwọn àgbà á tó sọ ọ́. Nítorí náà, láti Seattle lọ, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi láyé yìí ló mọ̀ pé mi ò ní ìyá mọ́, àfi èmi.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Èmi fúnra mi ti bá wọn ṣe é ní Atlanta yìí láìmọye ìgbà. Bí òbí ẹnì kan nínú ìjọ wa bá kú ní Nàìjíríà, a óò ti kóra jọ sí pálọ̀ ẹni náà kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, àwa obìnrin tó lágbára á sì jókòó yí àga tó máa jókòó lé ká. Apá ọ̀tún ni wọ́n máa ń fi mí sí, torí mo sígbọnlẹ̀. Mo ti di ìbàdí nọ́ọ̀sì kan mú ní Lawrenceville nígbà tó fẹ́ fi orí sọ ògiri. Mo mọ gbogbo àmì rẹ̀: ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ìpè fóònù tí wọ́n ń jáde síta lọ gbé, oúnjẹ tí wọ́n ń fi dandan rọ èèyàn láti jẹ. Síbẹ̀, nígbà tó kàn mí, mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ojú kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Fairbanks, ìlú tí a dé sí ní Alaska, mi ò gbọ́ àdúrà Maami. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwa ọmọ, tí wọ́n á máa dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àkùkọ á máa kọ lẹ́yìn wọn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Sister, Maami ò fi àdúrà ránṣẹ́ lónìí o."

Wọ́n ní, "Wọn ò ní light láti àná, wọn ò rí phone chárjì. Jọ̀ọ́, enjoy ara ẹ, jàre."

Ohùn wọn ti há. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣàìsàn, wọ́n ní pollen ni, allergy ti dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí kí a tó kúrò ní Grayson, ìyẹ̀fun òdòdó yẹn ti bo gbogbo ọkọ̀ àdúgbò wa.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n kó wa lọ sí ilé onípákó kan tó ń rùn fún epo bẹntiróò àti aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn ti làágùn sí. Kóòtù Buford wa ò tó nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n tún fi òmíràn lé e. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni amọ̀nà wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fún ẹ̀rọ náà ní epo, bí a ṣe ń dúró, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò lójú ipa òun nítorí yìnyín ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jìn, ó lè gbé èèyàn mì dé àyà. Ọ̀kadà yìnyín ni Maami sọ ẹ̀rọ náà nígbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n kí a tó kúrò nílé, ọ̀kadà náà sì ni lóòótọ́, àfi pé irin pẹlẹbẹ méjì ló wà níwájú níbi tó yẹ kí táyà wà. Ọkọ mi ní kí n wà á, pé kò ti òun lójú láti jókòó sẹ́yìn obìnrin. Ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má máa yọ fóònù jáde, òtútù á pa bátìrì rẹ̀.

A tẹ̀ lé iná pupa ẹ̀yìn ẹ̀rọ amọ̀nà wọ inú igi lọ. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ akoto wọlé bí abẹ́rẹ́. Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú lẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Mo kígbe sí i pé ọkùnrin Ìjẹ̀bú ò le rárá, òtútù kékeré báyìí. Nígbà tí a dúró lórí odò kan tó ti dì gbagidi, tó ṣí akoto, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ti dì sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni.

Ìmọ́lẹ̀ náà ò yára dé. A mu tíì gbígbóná, a fò sókè sódò kí ẹsẹ̀ má baà kú, àní mo ti ń ṣàníyàn pé n óò padà lọ bá Maami lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bí èéfín yọ lókè àwọn igi, ó nà, ó gbòòrò, ó di àwọ̀ ewé, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Maami ò parọ́ fún àwọn ọmọ yẹn o, bí aṣọ lórí okùn ló rí gẹ́lẹ́. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, mo ti ń retí pé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ á ní ohùn. Èmi ni mo bá a pariwo. Mo hó, mo jó pẹ̀lú bàtà tó wúwo bí ọlọ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí àyà fi ń ro mí. Amọ̀nà náà ń bá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi, mo sì ń sọ fún ọ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí.

Mo yọ fóònù. Ọkọ mi ní, "Wọ́n á ti sùn."

"Ilẹ̀ ti mọ́ nílé. Àkókò tíì wọn nìyí."

"Network ò sí níbí. Jẹ́ ká dé hotel."

Amọ̀nà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ network nínú ọ̀rọ̀ wa ló bá nawọ́ sí gegele kan lẹ́bàá odò, ó ní ó máa ń wà níbẹ̀. Àánú ló ṣe é, kò mọ nǹkan kan. Mo gun ibẹ̀, mo pe Maami. Ó dún, ó dún, ẹnì kan sì gbé e. Mo gbọ́ ohùn èèyàn rẹpẹtẹ lẹ́yìn, ẹnì kan ní "Yéè, òun ni," ó sì já. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ti kún ilé Maami láàárọ̀ yìí, wọn ò ní jẹ́ kí Maami gbọ́ fóònù. Mo bá ya fídíò. Mo ya ojú ọ̀run, mo yí fóònù sí ara mi, mo ń jó, mo ń kígbe pé, "Maami, ẹ wò ó o! Mo ti rí i! Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ẹ̀yin náà ti rí i!" Mo fi ránṣẹ́. Mo dúró nínú òtútù yẹn, mo ń wo ojú fóònù. Nígbà tó yá, àmì kékeré méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ yí padà sí búlúù.

Mo kígbe, "Wọ́n ti wò ó!"

Ọkọ mi kẹ̀yìn sí mi, ó ń rìn lọ síbi àwọn igi. Amọ̀nà ń ké sí i pé kó má lọ síbẹ̀, yìnyín jìn. Mo rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, mo sì ké tẹ̀ lé e pé kó ṣe kíá kó tó dì mọ́ ọn lára. Mo sùn bí ọmọ tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi.

Nígbà tí a padà dé Atlanta, ẹ̀gbọ́n mi ò wá gbé wa. A wọ táksí dé Grayson. Ọkọ̀ ti kún iwájú ilé wa dé ilé aládùúgbò. Ká ní ilé ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti mọ̀ kí táksí tó dúró. Ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún ọkọ mi ló wà lọ́kàn mi. Mo ní wọ́n ti lọ ṣètò àpèjẹ tó ní òun ò fẹ́ fún un lẹ́yìn wa, mo sì ń pa ẹ̀rín mọ́ra kí n má baà tú àṣírí náà fún un. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn èèyàn inú ilé kí wa káàbọ̀, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja wá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun. Mo jẹun. Mo ń jẹun, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń fi síbí júwe bí a ṣe ń wa ọ̀kadà yìnyín, mo ń sọ bí ọkọ mi ṣe ń gbọ̀n lẹ́yìn mi. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wo apá ọ̀tún mi, tí mo rí obìnrin tó sígbọnlẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ akọrin tó jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí, tí kò mú àwo oúnjẹ kankan dání, ìgbà náà ni síbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá tó dàgbà jù nínú ìjọ wa ló sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti pe ìyá wa sílé."

Mo ní, "Nígbà wo?" Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi, kí ẹkún tó dé. Wọ́n ní ọjọ́ tí a kúrò ní Atlanta ni. Mo fi ojú wá ọkọ mi kiri, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"O mọ̀?"

"Láti Seattle," ó ní. "Mo fẹ́ kó o rí i tán. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dá sí i, wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kó má sọ. Nínú yìnyín, láàárín òyìnbó, ta ló máa dì ẹ́ mú níbẹ̀?"

Mo ní, "Sister, ọkọ mi ńkọ́? Òun kì í ṣe èèyàn?"

Bàbá yẹn ní kí n sunkún, kí n má jà. Mo sunkún.

Mi ò sọ pé àṣà wa burú o. Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rin ìrìn àjò, ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà lè ṣubú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Àánú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlejò ní College Park pẹ̀lú omijé lójú, wọ́n sì ń purọ́ pollen fún mi kí n lè ṣeré. Ìyá tiwọn náà ló kú, èmi ló yẹ kí n rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Mo ti dárí jì wọ́n, mo sì ti dárí ji ọkọ mi tó dá nìkan gbé ẹrù yẹn nínú òtútù. Nǹkan tó kù lọ́kàn mi kì í ṣe ìbínú.

Nígbà tí a lọ sin Maami, mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ta ló ṣí fídíò yẹn? Ó wolẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Mo rò pé ẹ ti gbọ́, pé ẹkún lẹ fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń jó, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Àwọn ìyá ìjọ wà níkàlẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wò ó látọwọ́ dọ́wọ́."

Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan. Ó ní láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kọrin, wọ́n ń sọ pé arúgbó tó gbó tó tọ́ ni Maami, pé ọjọ́ ìdùnnú ni. Àfi ìgbà tí wọ́n rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún gba gbogbo ilé. Èmi gan-an ni wọ́n sunkún fún.

Ọdún ti gorí ọdún. Ilé wa ní Grayson ti tún ń gba ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀. Ọmọ wa àgbà gba oyè ní yunifásítì, a fi ṣe àríyá. Èkejì mú àfẹ́sọ́nà wálé, ọmọ dáadáa ni, gbogbo wa ń pariwo lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ayọ̀ náà bá ti fẹ́ kún ọkàn mi, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń wo ojú ọkọ mi kí n tó jẹ́ kó jáde. Ó ti mọ ohun tí mò ń wá. Á mi orí, á ní, "Kò sí nǹkan kan. Rẹ́rìn-ín." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀, èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́ mọ́.